Kí Ọwọ́ Lè Wọlé: Ìmọ̀ràn Àgbà Káfíńtà fún Ọmọ Tó Fẹ́ Kọ́ Ilé Olódi Orí Tábìlì

Ọmọ mi, o ní kí n kọ́ ọ bí mo ṣe ń ṣe àwọn ilé olódi kéékèèké tí ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń tò sórí tábìlì lálẹ́ Sátidé, nígbà tí ẹ bá ń ṣe eré Dungeons & Dragons yín. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo fi ṣe káfíńtà ní Lọ́ńdọ̀nù kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti gbé ilẹ̀kùn sí ilé àwọn tí n kò rí ojú wọn rí, mo ti to kọ́bọ́ọ̀dù, mo ti ṣe àtẹ̀gùn. Kò sí èyí tó dùn mọ́ mi nínú tó ìbéèrè tí o bi mí yìí. N kò mọ eré yín dunjú. Títí di ìsinsìnyí, kò yé mi ìdí tí ẹ fi máa ń lọgun bí ẹni tí olè jà bí dáìsì olójú 20 bá já sí 1. Àmọ́ mo mọ odi, mo mọ igi, mo mọ gọ́ọ̀mù. Mo fi nọ́ńbà sí ohun tí mo ní í sọ, kí o má baà sọ lọ́la pé o kò rí ibi tí mo ti sọ ọ́.

1. Lọ wo èyí tó wà lóòótọ́. Kí o tó fi ọ̀bẹ kan nǹkan kan, wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Rochester ní Kent. William de Corbeil, àgbà bíṣọ́ọ̀bù Canterbury, ló bẹ̀rẹ̀ ilé ìṣọ́ ńlá tó wà níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1127. Gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 113, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 70. Yí i ká, kí o wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mẹ́ta nínú wọn ní igun bí àpótí. Ọ̀kan rí róbótó bí igbá. Ẹni tí kò mọ̀ á ní bóyá bó ṣe wu bíríkìlà nìyẹn.

Kò wù ú o. Lọ́dún 1215, Ọba John wá gbógun ti àwọn ọ̀tá rẹ̀ tó ti gba ilé náà. Ó dó tì wọ́n fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje. Àwọn èèyàn rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ igun kan, wọ́n ń fi igi gbé òkè ró bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ lọ. Ọba wá ránṣẹ́ pé kí wọ́n kó ogójì ẹlẹ́dẹ̀ wá, àwọn tó sanra jù lọ, tí kò wúlò fún jíjẹ. Ọ̀rá wọn ni wọ́n fi dáná sí igi abẹ́ ilẹ̀ náà. Igi jóná, igun ya lulẹ̀. Síbẹ̀ àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò juwọ́ sílẹ̀: ògiri nípọn kan wà tó la ilé náà sí méjì láàárín, ẹ̀yìn ògiri yìí ni wọ́n sá sí tí wọ́n ń bá ìjà lọ, títí ebi fi mú wọn jáde. Nígbà tí wọ́n wá tún igun tó wó kọ́, róbótó ni wọ́n kọ́ ọ.

Mo sọ ìtàn yìí tán pátá nítorí pé òun ni mo ń rò ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń gé fóòmù. Ọ̀pọ̀ ohun tó wà lára ilé olódi, kì í ṣe fún ẹwà lásán ni wọ́n fi síbẹ̀. Ògiri àárín yẹn gba ẹ̀mí àwọn èèyàn là fún ìgbà díẹ̀. Bí o bá fi irú rẹ̀ sínú tìrẹ, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ á rí ibi tí wọ́n máa sá sí nígbà tí ẹnubodè bá fọ́, eré wọn á sì gùn sí i.

2. Ṣe ìṣirò kí o tó ra nǹkan. Nínú eré yín, ojú kan tó jẹ́ ínṣì 1 dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 5. Wá fi Rochester wọ̀n ọ́n: 113 tí a pín sí 5, ínṣì 22 lé díẹ̀ nìyẹn, ó ga ju fìrísà kékeré ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ lọ bí o bá gbé e sórí tábìlì. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á jẹ́ ínṣì 14. Ìyẹn ṣì dára. Àmọ́ ògiri rẹ̀ nípọn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 12 nísàlẹ̀, tó já sí ínṣì 2 àti díẹ̀ ní ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ náà ní òsì. Yọ wọ́n kúrò, yọ ògiri àárín kúrò, ibi tó kù fún àwọn ère kéékèèké tí ẹ fi ń ṣeré láti rìn kò ju pátákó ìgéẹ̀fọ́ lọ. Nítorí náà máa rẹ́ ẹ jẹ. Jẹ́ kí ògiri rẹ jẹ́ ínṣì 1 péré, kí gíga rẹ̀ má sì kọjá ìdajì. Ojú èèyàn kì í wọn gíga. Ó máa ń fi ilẹ̀kùn wọ̀n ọ́n. Bí ilẹ̀kùn bá bá ère mu, gbogbo ilé á jọ òótọ́.

3. Wọn ilẹ̀kùn pálọ̀. Èmi tí mo ti gbé ilẹ̀kùn tó ìgbà ẹgbẹ̀rún, mo kọ́ ilé olódi àkọ́kọ́ nínú gáréèjì, mo lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ pátákó kan ṣoṣo, kò sì gba ẹnu ọ̀nà kọjá. A gbé e gba ọgbà ẹ̀yìnkùlé nínú òjò.

4. Kọ́ ọ kí ọwọ́ lè wọlé. Bó o bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ síbí, má gbàgbé èyí.

Ilé olódi tí a gbé gba inú òjò yẹn dára lójú. Àjà mẹ́rin ló ní, mo ṣe àga, mo ṣe ibùsùn, mo gbẹ́ ilé ìdáná pẹ̀lú ìkòkò tí kò tó èékánná. Mo wá fi gọ́ọ̀mù lẹ òrùlé pa. Ẹ̀yin ọmọ yí i ká, ẹ pariwo, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ẹ tẹ́ pépà sílẹ̀, ẹ fi pẹ́ńsù ya ìlà, ẹ bẹ̀rẹ̀ eré yín. Mo bi ọ́ pé kí ló dé. O ní, “Bàbá àgbà, ó rẹwà gan-an ni, àmọ́ a ò lè dé inú rẹ̀.” Ó dùn mí títí di ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹta mo mú ayùn.

Láti ìgbà náà, bí abọ́ oúnjẹ onípele ni mo ṣe ń kọ́ wọn. Òrùlé á ṣí. Àjà kọ̀ọ̀kan á ṣeé gbé kúrò lórí èkejì, pẹ̀lú òòfà kékeré ní igun méjì kí ó má baà máa yẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ àgbà, pẹ̀lú ìka tó di ère mú, gbọ́dọ̀ wọnú yàrá tó kéré jù láìkan ògiri. Èyí tí kò bá tó ínṣì 4 ní fífẹ̀, má pè é ní yàrá. Ọ̀nà àárín yàrá, ínṣì 2, kí ère méjì lè kọjá ara wọn. Ìdí ère yín jẹ́ ínṣì 1, nítorí náà ibi tí wọ́n ń rìn lórí odi gbọ́dọ̀ lé ní ínṣì 1 díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ẹ̀ṣọ́ á máa já sínú yàrà kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan ní láti ní ibi tí ère lè dúró sí. Má ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fún wọn. Ère kì í ní ẹsẹ̀ tó ń dì mọ́lẹ̀. Ògiri inú ilé, má jẹ́ kó ga ju ínṣì kan ààbọ̀ lọ, kí ẹni tó jókòó sí òdìkejì tábìlì lè rí ohun tó ń lọ láìdìde.

Bí ohun kan bá dára lójú ṣùgbọ́n tó dí ọwọ́ lọ́nà, gé e kúrò. Mo mọ̀ pé ó máa ń dunni.

5. Má fi owó ńlá bẹ̀rẹ̀. Fóòmù oríṣi méjì ló wà. Èyí tó funfun, tó ní ẹyọ bí sàgó, tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí, ọ̀fẹ́ ni, ó sì dára fún òkè àti àpáta abẹ́ ilé. Ṣùgbọ́n kò ṣeé fín àwòrán òkúta sí, nítorí pé ẹyọ rẹ̀ á máa já. Èkejì ni fóòmù líle aláwọ̀ búlúù tàbí píńkì tí àwọn kọ́lékọ́lé níbí ń tò sí ara ògiri àti abẹ́ ilẹ̀ nítorí òtútù. Inú rẹ̀ dì, kò ní ẹyọ, ó ń gba ojú ọ̀bẹ bí ọṣẹ. Òun ni ẹran ara ilé rẹ. Ibi tí wọ́n bá ti ń tún ilé ṣe, àjẹkù rẹ̀ pọ̀ nínú ọkọ̀ ìdalẹ̀. Kí o kí ọ̀gá ibẹ̀ dáadáa, kí o sì bèèrè kí o tó mú un. Igi tí wọ́n fi ń ro kọfí ni pákó ilẹ̀. Páálí inú tíṣù ni ilé ìṣọ́ róbótó, bí o bá we fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn. Pátákó MDF mìlímítà 3 ni ìpìlẹ̀. Má lo páálí fún ìpìlẹ̀: gọ́ọ̀mù tútù á fà á, á ká bí ewé gbígbẹ. Bí páálí nìkan ni o bá rí, fi ọ̀dà kun ojú rẹ̀ méjèèjì, kí ọ̀kan máa fà á sọ́tùn-ún kí èkejì máa fà á sósì.

Àwọn kan máa ń da POP sínú mọ́ọ̀dù róbà, wọ́n á yọ búlọ́ọ̀kù kéékèèké jáde, wọ́n á máa fi gọ́ọ̀mù tò ó bí bíríkìlà gan-an. Mo ti ṣe é. Ó lẹ́wà ju fóòmù lọ, n kò ní purọ́. Ẹ̀yìn mi ló ní kí n má ṣe é mọ́.

6. Ọ̀bẹ tó kú ló ń gé ọwọ́. Ọ̀bẹ tó mú ń lọ síbi tí o rán an. Èyí tó kú á fa fóòmù ya, ìwọ á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á sì yọ́ wá bá ìka rẹ. Lo ọ̀bẹ tí a ń ṣẹ́ ẹnu rẹ̀, kí o ṣẹ́ ẹ nígbàkúùgbà. Má gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fà á lẹ́ẹ̀mẹta, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí o bá ra wáyà gbígbóná tó ń gé fóòmù bí ìgbà tí okùn ń gé ọ̀ọ̀lẹ̀, ṣí fèrèsé, kí o má sì tẹ orí rẹ sórí rẹ̀, torí èéfín rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹ̀dọ̀fóró ń fẹ́. Bí ó bá ń rú èéfín púpọ̀, ó ti gbóná jù.

7. Bírò ni ohun èlò tó wúlò jù nínú iṣẹ́ yìí. Fi ya ìlà òkúta sára fóòmù, tẹ̀ ẹ́ kí ó wọlé díẹ̀. Kí o tó yà á, lọ wo ẹni tó ń to búlọ́ọ̀kù. Ṣé o ti rí bíríkìlà tó jẹ́ kí oríkèé búlọ́ọ̀kù méjì bá ara wọn lóòró rí? Ògiri bẹ́ẹ̀ á là. Jẹ́ kí àárín òkúta òkè máa wà lórí oríkèé ti ìsàlẹ̀. Mo ti rí ilé olódi tí wọ́n fi owó ńlá rà, tí gbogbo oríkèé rẹ̀ tò bí ìwé ìṣirò. Mo wò ó títí, mo ṣáà ń dúró kí ó wó.

Òkúta igun gbọ́dọ̀ tóbi ju ti àárín lọ, kí ó sì gún régé: ọ̀kan gùn sápá ọ̀tún, èyí tó wà lórí rẹ̀ gùn sápá òsì, bẹ́ẹ̀ títí dé òkè. Ní Guédelon, ní ilẹ̀ Faransé, láti ọdún 1997 ni àwọn oníṣẹ́ ti ń kọ́ ilé olódi kan bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá, láìlo ẹ̀rọ ìgbàlódé. Wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ògiri wọn: òkúta tí wọ́n gbẹ́ dáadáa wà lójú òde, ó wà lójú inú, àfọ́kù òkúta àti amọ̀ ẹfun ni wọ́n dà sáàárín. Nítorí náà bí o bá fẹ́ ṣe odi tó ti wó, má fi fóòmù pẹlẹbẹ hàn mí níbi tó ti ṣẹ́. Da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kí n rí ìfun rẹ̀.

Lẹ́yìn bírò, ká fọ́ìlì ìsebẹ̀ jọ bí òkèlè, kí o yí i lórí fóòmù náà. Fóòmù á di òkúta lójú rẹ. Èyí nìkan ló máa ń ya àwọn àlejò lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú méjì.

8. Má da gọ́ọ̀mù oníná sórí fóòmù nígbà tó ṣì ń hó. Á jẹ ẹ́. Gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà ni kí o lò, kí o ki igi ìtayín bọ inú rẹ̀ kí ó dì í mú, kí o sì lọ sùn.

9. Má fọ́n ọ̀dà inú agolo sí fóòmù tó wà níhòòhò. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìbí àbúrò rẹ, mo gbé ilé ìṣọ́ tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe síta, mo fọ́n ọ̀dà dúdú sí i, mo wọlé lọ mu tíì. Nígbà tí mo padà, ó ti yọ́ bí ọṣẹ tí wọ́n gbàgbé sínú omi. Ohun tó wà nínú agolo ọ̀dà náà máa ń yọ́ irú fóòmù yìí, n kò sì mọ̀. Nísinsìnyí, mo máa ń po gọ́ọ̀mù funfun pọ̀ mọ́ ọ̀dà dúdú olómi, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún nílọ̀ọ́po méjì. Ó ń di ìhò kéékèèké, ó ń dì bí awọ, igun rẹ̀ kì í sì í tètè ṣẹ́. Lẹ́yìn èyí, fọ́n ohun tó bá wù ọ́.

10. Òkúta kì í ṣe aláwọ̀ eérú nìkan. Gbogbo ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ló máa ń ra ọ̀dà eérú. Bẹ́ẹ̀, ní 1240, Ọba Henry Kẹta ní kí wọ́n fi ẹfun kun ilé ìṣọ́ ńlá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ni orúkọ tó ń jẹ́ dòní, White Tower, ti wá. Ní Caernarfon, ní Wales, tí Ọba Edward Kìíní bẹ̀rẹ̀ ní 1283, òkúta aláwọ̀ oríṣiríṣi ni wọ́n fi ṣe ọ̀já yí ara odi ká. Nítorí náà, lẹ́yìn ọ̀dà dúdú, kun àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ lé e, má jẹ́ kí ó wọnú oríkèé. Yan òkúta bíi mẹ́wàá káàkiri, fi àwọ̀ iyanrìn kun àwọn kan, fi àwọ̀ búlúù tó ṣá kun àwọn kan. Wá mú búrọ́ọ̀ṣì tó ti gbó, tì í bọ ọ̀dà funfun ẹyin, nu ún sórí pépà títí á fi dà bíi pé kò sí nǹkan lẹ́nu rẹ̀ mọ́, kí o máa gbá a kọjá lójú òkúta bí ẹni ń gbọn eruku. Etí òkúta nìkan ló máa mú un. Òun ló ń mú kí odi tó wà lórí tábìlì dà bíi pé oòrùn ń ràn sí i.

11. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí òjò rọ̀ sí i. Bu omi púpọ̀ sí ọ̀dà dúdú àti ti àwọ̀ ilẹ̀, jẹ́ kí ó ṣàn láti òkè wá sílẹ̀. Wo ibi tí omi ti ń ṣàn lóòótọ́: abẹ́ fèrèsé, abẹ́ ihò tí omi òrùlé ń gbà jáde. Ibẹ̀ ni ìlà dúdú gbọ́dọ̀ wà. Ìdí odi tó kan yàrà, fi àwọ̀ ewéko díẹ̀ sí i. Díẹ̀ ni mo sọ. Omi inú yàrà náà, kò dìgbà tí o bá ra nǹkan olówó iyebíye: kun ilẹ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ ẹrẹ̀ àti ewé, kí o da fáníìṣì dídán sí i ní ìlọ̀ọ́po mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ kí o tó da òmíràn.

12. Ẹnubodè ni ibi tí ìwọ máa ti lo ọgbọ́n jù, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo eré máa ń dé. Ní àwọn ilé olódi ńlá, ẹnubodè kì í ṣe ilẹ̀kùn kan. Ilé gígùn ni, tó ní ilé ìṣọ́ lọ́tùn-ún àti lósì, afárá tí wọ́n ń gbé sókè níwájú, ilẹ̀kùn onírin bí àwọ̀n tí wọ́n ń fi ẹ̀wọ̀n sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ilẹ̀kùn onígi lẹ́yìn rẹ̀, ìgbà mìíràn onírin mìíràn lẹ́yìn ìyẹn. Ihò wà lára àjà òkè tí àwọn ẹ̀ṣọ́ lè gbà ju òkúta lu ẹni tó bá há sáàárín. Ṣe é kí ó máa ṣiṣẹ́! Àwọ̀n ike tí wọ́n ń ta fún iṣẹ́ ọnà ni ilẹ̀kùn onírin. Gé ọ̀nà tóóró sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ó lè máa gòkè sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọrùn tó ti já ni kí o fi fa afárá. Bèèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ kí o tó mú un.

Ihò ọfà ní ìṣòro tirẹ̀. Lójú òde, tóóró ni, bí ìgbà tí a fi ọ̀bẹ la ojú ògiri. Nínú, ó fẹ̀ bí ẹnu ìkòkò, kí tafàtafà lè yí ara rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Bí o bá gé e kí ó dọ́gba tinú tòde, o ti ṣe fèrèsé fún ọ̀tá nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni eyín odi, àwọn tó yọrí sókè, tó sì dá àlàfo sílẹ̀ láàárín: eyín gbọ́dọ̀ bo orí ère, àlàfo gbọ́dọ̀ dé àyà rẹ̀. Gbé ère kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ní gbogbo ìgbà tí o bá ń ṣiṣẹ́, kí o máa fi wọn gbogbo nǹkan. Òun ni tépù rẹ.

13. Bí ẹnìkan bá fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé eré ọmọdé ni, sọ fún un pé láti 1668 ni Louvois, mínísítà Louis Kẹrìnlá ti ilẹ̀ Faransé, ti ń mú kí wọ́n ṣe àwòkọ kékeré àwọn ìlú olódi ọba náà, tí ẹsẹ̀ bàtà kan lórí rẹ̀ dúró fún 600. Igi ni wọ́n fi ṣe é, pẹ̀lú pépà, sílíìkì àti iyanrìn. Lórí rẹ̀ ni àwọn ọ̀gágun ti ń ronú ogun. Wọ́n ṣì wà ní Invalides ní Paris, àwọn kan sì wà ní Lille. Mo ti lọ síbẹ̀, ìyá àgbà rẹ ló fà mí jáde. Lọ́dún 1812, Reisswitz ti ilẹ̀ Prussia ṣe tábìlì kan fún ọba rẹ̀, ó kó òkè, odò àti ọ̀nà sínú àwọn dúrọ́ọ̀ tábìlì náà ní ègé ègé, kí ọba lè máa tò ó bó ṣe wù ú. Eré tìrẹ gan-an, kí Dave Arneson àti Gary Gygax tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1974, ilé olódi oníke kan ló wà lórí tábìlì Arneson ní Minnesota. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yí i ká. Nígbà tó yá wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó wà lábẹ́ ilé náà.

Kọ́ tìrẹ bíi ti Reisswitz, ní ègé ègé. Odi tó gùn ní ínṣì 6, tó gùn ní 12, igun méjì, ẹnubodè kan, ilé ìṣọ́ mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ yìí yóò jẹ́ ilé ọba, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ yóò jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Kí gbogbo rẹ̀ wọnú àpótí ike tí ẹ lè gbé lórí bọ́ọ̀sì.

14. Ọ̀rẹ́ rẹ tí bàbá rẹ̀ wá láti Ìjẹ̀bú bi mí bóyá àwa náà ní ilé olódi. Mo ní irú ti àwọn wọ̀nyí kọ́. Odi tiwa yí ìlú ká, ilẹ̀ ni wọ́n gbẹ́, erùpẹ̀ tí wọ́n wú jáde ni wọ́n fi mọ odi. Erédò Súngbọ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú yí ilẹ̀ ká fún nǹkan bíi kìlómítà 160, àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó mítà 20. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é sórí tábìlì, iṣẹ́ tó dára ni, mo fẹ́ rí i. Ṣùgbọ́n ẹ má fi eyín òkúta sí i lórí. Ilẹ̀ pupa ni, ewédò bo ara rẹ̀, igi ńláńlá sì dúró lé e lórí. Fóòmù funfun tó ní ẹyọ ló máa bá a mu, kí ẹ fi ọ̀dà tí ẹ po pọ̀ mọ́ iyanrìn kùn ún.

15. N kò bá ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan jáde ní ike jà. Àgbá, àga, ère àgbàlá, jẹ́ kí ó tẹ̀ wọ́n. Odi, fi ọwọ́ ṣe é. Ọmọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ odi mọ ibi tó ti lè fọ́.

16. Yóò fọ́. Ẹnìkan á fi ìgbọ̀nwọ́ gbá ilé ìṣọ́ lulẹ̀, ẹnìkan á da ọtí ẹlẹ́rìndòdò sínú yàrà. Má pariwo mọ́ ọn, má sì jẹ́ kí ẹ̀rù ilé olódi orí tábìlì máa ba àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Rántí igun Rochester. Bí ó bá ṣẹ́ dáadáa, má tún un ṣe bó ti wà tẹ́lẹ̀. Tún un kọ́ ní ìrísí mìíràn, kí ẹ máa sọ ìtàn ọjọ́ tó wó.

17. Gbálẹ̀. Ẹyọ fóòmù funfun máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, mọ́ irun, mọ́ ara ológbò. Ìyá àgbà rẹ rí ẹyọ kan nínú àmàlà lọ́jọ́ kan; èmi ló sì bù ú fún. Títí di òní, ó máa ń jọ èlùbọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dà á sómi, á sì máa wo ojú mi bó ṣe ń jọ̀ ọ́.